Ilé Eré Tí Ọtí Wà Láàrin Rẹ̀: Ṣé Ká Mú Ọmọ Wa Lọ Síbẹ̀?



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ṣe ohun tó dára ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí Ó sì ṣe ohun ẹlẹ́gbin ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ní Houston níbí, bàbá kan dá mi dúró níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá náà ní, "Àlùfáà, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yìí pé hàràámù ni. Tó bá ti ẹnu yín jáde, á gbà." Mo bi í pé kí ni hàràámù? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti parí ìdíje ọdún náà, kóòṣì sì ti pe gbogbo wọn pẹ̀lú òbí wọn sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ti ń gbá géèmù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní mu ọtí. Mi ò mu ún rí. Pòtétò díndín ni màá jẹ, màá ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, a ó sì máa bọ̀ nílé. Kí ló burú níbẹ̀?"

Mi ò dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Inú bàbá kò dùn, nítorí ohun tó wá gbà lọ́wọ́ mi ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n mi ò dé irú ibẹ̀ rí, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ náà bi mí ní ìbéèrè kan péré kí ó sì mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ tí a bí síbí máa ń bi ni léèrè, ẹ kú àmójúbà wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí a ti kírun Àlàásárì tán, èmi àti bàbá náà wọ ọkọ̀, a lọ síbẹ̀. A ò ra nǹkan kan, a kàn rìn yí inú rẹ̀ ká ni. Ibẹ̀ tóbi bí ọjà. Ó ṣókùnkùn díẹ̀, kò sí fèrèsé, mi ò sì rí aago kankan lára ògiri. Tẹlifíṣàn wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, ó wà lókè orí. Mo ka ogójì kí n tó jáwọ́. Ariwo ẹ̀rọ géèmù kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa. Láàrin gbùngbùn ilé náà ni wọ́n kọ́ báà sí, ó rí rìbìtì, ìgò ọtí tò lọ sókè lára rẹ̀, iná sì ń tàn sí wọn. Ibi yòówù kí o dúró sí, wàá rí i. Ọmọdé tó bá fẹ́ kúrò nídìí eré ọkọ̀ lọ sídìí eré bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbẹ́ báà ni yóò gbà kọjá.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Mi ò rí ẹni tó ń jà, mi ò rí ẹni tó ń bì. Mo rí bàbá kan tí òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré jọ ń ju bọ́ọ̀lù, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, inú èmi náà sì dùn sí wọn. Àmọ́ ife bíà bàbá náà wà nínú ihò kan tí wọ́n dìídì ṣe sára ẹ̀rọ géèmù náà láti máa gbé ife sí. Ihò ife yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ti mọ̀ ṣáájú pé ẹni tó ń gbá a á ní ife lọ́wọ́.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù, Dave & Buster's, ìpínlẹ̀ Texas yìí náà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Dallas, lọ́dún 1982. Ọ̀rẹ́ méjì ló dá a sílẹ̀, David Corriveau àti James Corley tí wọ́n ń pè ní Buster. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀kan nínú wọn ní ilé eré, èkejì ní ilé oúnjẹ àti ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kíyè sí i pé àwọn oníbàárà ń ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, wọ́n bá kúkú fi méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan. Ọgbọ́n ajé ni, ó sì ti sọ wọ́n di ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ̀ka rẹ̀ ju 150 lọ; àwọn mìíràn náà ti tọ ipasẹ̀ wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ eré inú ilé náà ṣùgbọ́n òun kò bá ọtí ibẹ̀ ṣe, ó ń ya ohun tí onílé ti so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé eré wá burú ni? Rárá o. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ èyí kí a tó lọ síwájú, nítorí àwọn kan nínú wa ti fi èèwọ̀ lé ohun tí Ọlọ́hun kò fi èèwọ̀ lé, ìyẹn ló sì fà á tí ọmọ kò fi gbọ́ wọn mọ́ nígbà tí èèwọ̀ gidi dé. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyàwó rẹ̀ Áíṣà sáré ìje. Àwọn ará Habaṣa fi ọ̀kọ̀ ṣeré nínú mọ́ṣáláṣí Mẹ̀dínà, kò lé wọn jáde. Ṣe ló fi aṣọ rẹ̀ bo Áíṣà kí ó lè máa wò wọ́n láti ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi sú u. Ní ìlú tí mò ń gbé yìí náà, Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó, ló ṣaájú ẹgbẹ́ Houston Rockets tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ NBA lọ́dún 1994 àti 1995. Ní oṣù Febúárì 1995, Ramadan bọ́ sáàárín ìdíje. Ó gba ààwẹ̀ rẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, òun ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lóṣù náà. Ọmọ tó bá fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì kò tíì ṣẹ Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tábìlì.

Nínú hádíìsì tí Tirmidhi wà lára àwọn tó gbà á wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún ẹni tó bá gba Ọlọ́hun àti Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ láti jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gbé ọtí yí ká. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń mu kọ́ ni hádíìsì náà ń bá wí. Ti ẹni tó ń mu ti wà nínú Súrátul-Máídà, níbi tí Ọlọ́hun ti ka ọtí àti tẹ́tẹ́ pọ̀ mọ́ òrìṣà, tí Ó sì pe gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀gbin láti inú iṣẹ́ èṣù. Ẹni tó jókòó lásán ni èyí ń bá wí, ẹni tí ife tirẹ̀ jẹ́ omi.

Wọ́n gbà á wá pé wọ́n mú àwọn kan tó mutí wá síwájú kálífà Umar ọmọ Abdul-Azeez. Àwọn ènìyàn ní ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu ààwẹ̀, kò fẹnu kàn án. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹni yẹn gan-an ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìyà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni āyà 140 nínú Súrátun-Nísáì, tó kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti bá àwọn tó ń fi àwọn āyà Ọlọ́hun ṣẹ̀fẹ̀ jókòó títí wọn yóò fi bọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn, kí ó má baà di ọ̀kan náà pẹ̀lú wọn. Ìdájọ́ yìí le, mo mọ̀. Mi ò sọ pé kí a máa fi lu ọmọ ọdún 15 lórí. Ohun tí mò ń sọ ni pé "mi ò mu ún" kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tún gbọ́ ti Anas ọmọ Màlik. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà tí èèwọ̀ ọtí dé. Òun ló ń bu ọtí fún àwọn àgbà nílé Abu Talha, ọkọ ìyá rẹ̀, òun ló sì kéré jù láàárín wọn. Wọ́n gbọ́ ohùn ẹni tó ń kéde lóde pé ọtí ti di èèwọ̀. Wọ́n ní kí Anas dà á nù. Kò sẹ́ni tó ní kí òun parí èyí tó wà nínú ife òun, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wádìí. Ọtí sì ṣàn lójú pópó Mẹ̀dínà lọ́jọ́ náà. Ọmọ tó kéré jù nínú ilé ló fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn àgbà rẹ̀ ṣe gbọ́ràn.

Mo sọ èyí fún ọmọ náà nígbà tí a padà jókòó ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá rẹ̀ sì ń mi orí bí ẹni pé ó ti já. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sà, mo fẹ́ bi yín léèrè, kí Dádì má bínú." Mo ní kó máa bi mí. Ó ní, "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Dádì ṣègbéyàwó ọmọ wọn ní Dallas, wọ́n so yìgì láàárọ̀, àlùfáà wà níbẹ̀. Nírọ̀lẹ́, a jókòó sí gbọ̀ngàn, bíà wà lórí tábìlì wa, Hennessy náà wà níbẹ̀. Dádì jókòó, Mọ́mì jókòó, èmi náà jókòó. Tábìlì wo ni hádíìsì yẹn ń sọ?"

Bàbá kò mi orí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, èmi náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún bí ìṣẹ́jú kan. Mo ti jókòó sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ọ̀pọ̀ yín ti jókòó sí i. Lónìí, bí a bá ń ṣe ìkómọ, ìgbéyàwó, àádọ́ta ọdún, tàbí fídáù òkú tí a ti gbàdúrà fún pé kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ, lẹ́yìn tí lèmọ́mù bá ti gba sàráà rẹ̀ lọ, páálí bíà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí a bá béèrè, wọn á ní, "Àlejò tí kì í ṣe Mùsùlùmí ló ni ín." Ó dáa. Kí ló wá dé tí ó fi wà lórí tábìlì níwájú àwọn ọmọ wa? Ta ló fi owó rà á? Nínú àwọn ẹni mẹ́wàá tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣẹ́ èpè fún nítorí ọtí, ẹni tó gbé e àti ẹni tí wọ́n gbé e wá bá wà níbẹ̀, ẹni tó rà á àti ẹni tí wọ́n rà á fún náà wà níbẹ̀.

Ọmọ tó ti rí èyí láti kékeré, tí a wá sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó nílé eré àwọn òyìnbó, kì í ṣe èèwọ̀ Ọlọ́hun ni yóò gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ohun tí yóò gbọ́ ni pé ọtí àwọn òyìnbó burú, ọtí àwọn Yorùbá dára. Kò sì jẹ̀bi bó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì tún wà. Nínú àwọn ilé yìí, o máa fi owó sínú káàdì kan, wàá máa fi káàdì náà kan ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ pé owó eré nìkan ni, pé o san iye kan, o ṣeré, o lọ, mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń fún ni ní tíkẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń fi gba ẹ̀bùn. Àwọn kan nínú wọn gba ọgbọ́n ọwọ́, bíi bọ́ọ̀lù jíjù sáwọ̀n. Àwọn mìíràn kò gba ọgbọ́n kankan: o tẹ bọ́tìnnì, àgbá yí, ó dúró síbi tó wù ú. Kí ènìyàn sanwó sórí ohun tí ó lè mú èrè wá tàbí kí ó gbé owó rẹ̀ lọ, láìsí iṣẹ́ tàbí ọjà láàárín, ohun tí àwọn onímọ̀ wa ń pè ní maysir nìyẹn, tẹ́tẹ́ ni. Kí ẹ̀bùn jẹ́ ọmọláńgidi kò yí orúkọ rẹ̀ padà. Mo wo ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún mẹ́jọ lọ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú àwọn bàbá tí mo máa ń rí nídìí Baba Ìjẹ̀bú nígbà tí mo wà ní Èkó.

Ẹni tó bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kí ó wo ibi tí nǹkan ń lọ. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wó òfin tó ń dí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti fàyè gba tẹ́tẹ́ eré ìdárayá. Ní 2024, Dave & Buster's kéde pé àwọn àgbà tó bá forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù wọn yóò lè máa fi owó bá ara wọn ta lórí géèmù. Géèmù tí ọmọ ń gbá lọ́sàn-án náà ni o.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin, ní Òṣogbo, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun lèyí. Ẹ wo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ládùúgbò yín. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wà lápá kan rẹ̀, ẹni tó ń ta bíà àti paraga wà lápá kejì. Tiwa kò ní ẹ̀rọ amúlétutù ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí oúnjẹ. Ẹ béèrè irú ẹran tó jẹ́, ẹ béèrè epo tí wọ́n fi dín pòtétò, nítorí àwọn ilé oúnjẹ kan wà tó jẹ́ pé inú epo kan náà ni wọ́n ti ń dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ti ìrun ló ká mi lára jù. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni àríyá náà máa bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́jọ ni yóò parí. Ní ìparí oṣù Febúárì ní Houston, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́fà díẹ̀. Màgríbì bọ́ sáàárín gan-an, nínú ilé tí kò ní fèrèsé, tí kò ní aago.

Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí. Mo ní kí ọmọ náà má jókòó sídìí tábìlì yẹn, kí ó má sì fọwọ́ kan géèmù oní-tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí bàbá fúnra rẹ̀ pe kóòṣì, kí ó má fi ọmọ ṣe agbẹnusọ, kí ó ṣàlàyé fún un láìtijú. Àwọn kan nínú wa máa ń purọ́ pé ọmọ ń ṣàìsàn. Kí nìdí? Ẹ̀sìn kì í ṣe àìsàn. Bàbá pè é. Kóòṣì ní kò sí wàhálà, yàrá kan wà tí wọ́n ti gbà fún ìfúnni ní àmì-ẹ̀yẹ, òun á ṣe ìyẹn ṣáájú kí wọ́n tó gbé oúnjẹ tàbí ohun mímu wọbẹ̀. Bàbá àti ọmọ lọ, ọmọ gba àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya fọ́tò, wọ́n sì jáde kí agogo mẹ́fà tó lù. Àwọn kan nínú àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi sọ pé mo rọ̀ jù, pé kò yẹ kí ẹsẹ̀ wọn wọ ilé náà rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ló tọ̀nà. Èmi wò ó pé tábìlì ni hádíìsì dárúkọ, wọn kò sì jókòó sí tábìlì kankan.

Ẹ̀yin tí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ ń pe ìpàdé sírú ibẹ̀, tí ẹ ti kọ̀wé sí mi rí, ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó síbi tí ọtí kò sí, ẹ ṣe ohun tí iṣẹ́ bèèrè, ẹ dìde. Bí wọn kò bá gbà, ẹ mọ̀ pé ẹ ti béèrè. Ẹni tó ń lọ fúnra rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ láti lọ wo bọ́ọ̀lù, ìyẹn kò ní ọ̀gá tí yóò dì í rù.

Ní ti bàbá yẹn, ìkómọ wà nílé wọn lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló bímọ. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé bí igò ọtí kan bá wọ gbọ̀ngàn náà, òun àti àwọn ọmọ òun kò ní dé ibẹ̀, owó tí òun fẹ́ dá kò sì ní jáde. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ìjà sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èmi ni mo kó sí àbúrò òun lórí, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí àwọn àlejò máa mu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, omi wà, zóbò wà."